Èémí Mi ní Pápá Àjàó

Òórùn ọ̀dà mọ́tò ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Pápá Àjàó, ní Mùṣín nílùú Èkó. Abẹ́ fèrèsé yàrá àbúrò ìyá mi gan-an ni àwọn tó ń kun mọ́tò ti ń ṣiṣẹ́. Wọn á máa fín ọ̀dà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òórùn náà á sì gòkè wá bá wa, á wọ inú aṣọ, á wọ inú omi mímu pàápàá. Ìwọ náà mọ bí Mùṣín ṣe rí láyé ìgbà yẹn, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, tí gbogbo ẹni tó bá rí towó ṣe fẹ́ ra mọ́tò. Olùkọ́ kékeré ni mí, láti Iléṣà. Wọ́n ní ká wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ díẹ̀ ní Yaba, ọ̀dọ̀ Àǹtí yìí ni ìyá mi sì ní kí n dé sí.

Ohun tí Àǹtí ò mọ̀ ni pé mo ní ikọ́ fée. Ìyá mi ti kìlọ̀ pé kí n má sọ ọ́ síta, kó má baà dí mi lọ́nà ilé ọkọ. Nọ́ọ̀sì kan nílé ti kọ́ mi pé láràárọ̀, kí n tó jẹun, kí n jókòó, kí ẹ̀yìn mi nàró, kí n fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, kí n sì fẹ́ ẹ síta bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Nílé, abẹ́ igi ọsàn ni mo ti ń ṣe é. Ní Pápá Àjàó, mi ò ríbi jókòó. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn obìnrin ti tò sídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń jà nítorí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sítóòfù àwọn ayálégbé ń rú èéfín. Bí mo bá sì ráyè dijú pẹ́nrẹ́n, ọkàn mi á máa sáré kiri: bọ́ọ̀sì á ti lọ, olùkọ́ wa á ti dé, ta ló ń bọ̀ yẹn? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọjọ́ kan, mo fo òmíràn nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo fi tipátipá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ni Àǹtí bá wọlé bá mi.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo kàn ń sinmi ni, mà."

"Ìsinmi wo lèèyàn ń dijú ṣe, tí á máa dún ṣìì bí ejò? Má kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ wọ ilé mi o. Àdúrà là ń gbà níbí."

Láti ọjọ́ yẹn, mo pa á tì pátápátá.

Kò pẹ́ sígbà náà, lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì ńlá kan wá kùn lábẹ́ fèrèsé wa. Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí àyà mi há gádígádí. Mo wá oògùn mi, mo ń kánjú ṣí i, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Àǹtí figbe ta, aráalé bá ya wọlé. Ẹnìkan gbé àdí wá, ẹnìkan ń fẹ́ mi, ẹlòmíràn ń pe Jésù lé mi lórí, afẹ́fẹ́ tó sì kù nínú yàrá kò ká gbogbo wa. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo ṣáà di ọwọ́ Àǹtí mú, mo jókòó, mo jẹ́ kí ẹ̀yìn mi nàró, mo gbìyànjú àtifẹ́ èémí síta bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi. Mo rí i lójú Àǹtí nígbà tó yé wọn pé ohun tí mò ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì níjọ́sí nìyí.

"Ẹ jáde!" ni wọ́n pariwo. "Gbogbo yín, ẹ jáde!"

Wọ́n ṣa oògùn nílẹ̀ fún mi, wọ́n fà mí lọ sí ojúde, níbi tí òórùn ọ̀dà ò pọ̀ sí, wọ́n jókòó kọjú sí mi. "Ó yá, bí o ṣe ń ṣe é níjọ́sí. Èmi náà á bá ọ ṣe é." Àwa méjèèjì jọ ń fà á sínú, a jọ ń fẹ́ ẹ síta, omi ń dà lójú wọn, títí àyà mi fi tú.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Màámi ló ní kí n má sọ."

"Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé òkú ni wọ́n fẹ́ fà fún ọkọ ni?"

Láti ọjọ́ kejì, Àǹtí á dúró lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, wọ́n á káwọ́ lé ìbàdí, wọ́n á máa kìlọ̀ fún aráalé: "Ẹ rọra o, ọmọ mi ń mí lọ́wọ́!" Ariwo ò dín kù, ọkàn mi náà ò yéé sáré, ẹ̀rín sì ń pa mí nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n mi ò fo ọjọ́ kankan mọ́ títí mo fi padà sílé.

Mo ti sùn nílé onílé káàkiri láti ìgbà náà. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ibi tó dákẹ́ ni mo ṣaláìní ní Èkó, àṣé ohun tí mò ń fi pa mọ́ ló ti kọ́kọ́ há mi láyà. Níbikíbi tí mo bá dé sí báyìí, kí wọ́n tó fún mi lómi mu, mo ti sọ àìsàn mi fún onílé, mo ti sọ ohun tí mo máa ń ṣe láàárọ̀. Àwọn kan máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn ò dí mi nímú.