Ẹni Tí Ìyá Ọkọ Mi Mọ̀ ní Valencia

Òórùn òrí ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ìyá ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ wa ní Saddle Ridge fún oṣù mélòó kan, ó sì dá wọn lójú pé òtútù Calgary kò lè rí ọmọ tí wọ́n bá fi òrí pa lára dáadáa gbé ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fi pa ọmọbìnrin wa lára, ọmọ á máa pariwo pé, “Grandma, it's too much!”, Màmá á sì máa pa á lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Òórùn náà á dà pọ̀ mọ́ ooru hítà, á gba gbogbo ilé kan. Inú òórùn yẹn ni èmi àti ọkọ mi jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé kan, snow ń bọ́ níta, laptop wà lórí tábìlì ìjẹun, tí à ń to àwọn ìlú Spéìn tẹ̀ léra wọn: Madrid, Córdoba, Sevilla, Valencia, Barcelona. Rélùwéè la fẹ́ fi dé gbogbo wọn.

Ìwọ náà mọ bí iṣẹ́ ibí ṣe rí. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Beltline, láàárín ìlú, lójú ọ̀sán. Bí mo bá ṣe ń wọlé ni òun ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì kò ti kọjá daycare àti ta ni yóò kó snow ẹnu ọ̀nà. A kì í jà o. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí ẹni tó bá ṣì ń bá ọ jà ṣì ń rí ọ. Ọkọ mi ló dábàá rélùwéè, pé ká jókòó ti ara wa nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà fún wa, ká máa wo oko ólífì lójú fèrèsé, bóyá a ó rántí ohun tó mú wa fẹ́ra. Mo gbà tayọ̀tayọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo tẹnu mọ́ ni pé a ò ní yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí ará ìjọ, kò sí ọmọ ìlú, kò sí “ẹ kàn wá jẹun díẹ̀”.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmá ni gbogbo rẹ̀ wà, torí àwọn ni yóò bá wa dúró ti ọmọ. A pè wọ́n wá síbi laptop. Ọkọ mi fi ìka tọ ojú irin náà fún wọn, ó ní bí a bá jẹun àárọ̀ ní Madrid, Sevilla la ó ti jẹ tọ̀sán. Màmá pariwo, “Rélùwéè kẹ̀? Àbí bàlúù?” Inú wọn dùn, wọ́n ní ká tún fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ìró wọn ró.

“Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀?”

“A ò mọ ẹnì kankan, Mà. Hotel la máa sùn,” ni mo dáhùn.

“Ní gbogbo ìlú wọ̀nyí? Bí ara ẹnì kan nínú yín bá gbóná, ta ni yóò kan ilẹ̀kùn? Ta ni màá pè?”

“Màmá, that's the whole point,” ni ọkọ mi wí.

Màmá mirí. “Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè jókòó ti ọmọ yín kí ẹ lọ síbi tí ẹnì kan ò ti mọ̀ yín. Ẹ wá ẹnì kan, tàbí kí ẹ jókòó sílé.”

Inú bí mi débi pé mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé, hẹn, ìyá ọkọ ti dé o.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Màmá gbé fóònù wọn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n wà lórí WhatsApp kò lóǹkà: ti ọmọ ìlú, ti ìyá ìjọ, ti àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n dárúkọ ara wọn àti ìlú wọn bí ẹni tó ń jẹ́rìí, wọ́n ní, “Àwọn ọmọ mi ń lọ sí Spéìn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní èèyàn níbẹ̀?” Ọbẹ̀ kò tíì jinná tí èsì fi ń wọlé. Àbúrò ẹnì kan wà ní Madrid. Ìyá kan ní Cochrane, nítòsí ibí, ní ọmọ sí Barcelona. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Google sef no reach Màmá.” Èmi kò rẹ́rìn-ín ní tèmi, nítorí gbogbo èèyàn tó ń dáhùn yẹn ló ń jókòó sáàárín èmi àti ọkọ mi nínú rélùwéè.

Ìgbà náà ni obìnrin kan pè láti Valencia, pẹ̀lú fídíò. Ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀, ó wà nínú kíṣìnnì, ó ró épírọ́ọ̀nù. Ó tẹjú mọ́ Màmá. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ń gbé ẹ̀yìn gáréèjì, nílé tó ní igi àgbálùmọ̀ níwájú?”

“Èmi ni. Ta nìyí?”

Ó gbé fóònù ti nǹkan, ó fà sẹ́yìn, ó sì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ kíṣìnnì rẹ̀, orúnkún méjèèjì. Ó ní ọ̀dọ́mọbìnrin lòun nígbà tí ọkọ̀ tóun wọ̀ takú sí ìlú Màmá nírọ̀lẹ́. Gbogbo èrò wá ibi gbà, òun nìkan jókòó sórí ẹrù, òun ń sunkún. Ìyá kan tó ń ti ilé ìwé bọ̀ dúró, ó bi òun ta lòun mọ̀ nílùú náà. Òun ní òun ò mọ ẹnì kankan. “Ẹ ní, ‘O ti mọ̀ mí báyìí,’ ẹ sì gbé ẹrù mi, Mà. Mi ò béèrè orúkọ yín. Nígbà tí wọ́n fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi, tí mo gbọ́ orúkọ ìlú yẹn, mo ní àfi kí n rí ojú yín.”

Màmá súnmọ́ fóònù, wọ́n wo ojú rẹ̀ títí. “Dìde, ọmọ mi. Má bínú, mi ò rántí. Wọ́n pọ̀ tí wọ́n sùn nílé yẹn.”

Wọ́n pọ̀! Ìyá tí mo rò pé kò ní ẹnì kankan nílẹ̀ yìí, tó máa ń jókòó lójú fèrèsé títí a ó fi dé, kò mọ iye èèyàn tó sùn lórí ẹní rẹ̀, kò sì ka ọ̀kan kan sí ohun tí à ń rántí. Ọkọ mi, tó ti dàgbà nínú ilé náà, kàn ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó rọra ní, “Oore kì í gbé.” Màmá ti padà sídìí ọbẹ̀ wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ní ká máa lọ, àwọn á dúró ti ọmọ.

A lọ. N kò ní sọ gbogbo ohun tí a bára wa sọ láàárín Córdoba sí Sevilla, ṣùgbọ́n a jà díẹ̀, a sì parí rẹ̀ kí rélùwéè tó dúró. Ní ibùdó rélùwéè Valencia, obìnrin náà ti ń dúró dè wá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí wọ́n bí síbẹ̀. Ọmọkùnrin tó ga ju ọkọ mi lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn tó ń fa àpótí kọjá, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì kúnlẹ̀. Ọkọ mi sáré fà wọ́n dìde. Èmi dúró, omi gba ojú mi, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe àwa ni wọ́n ń kí. Èmi tí mo rò pé ìgbà tí ẹnì kan ò bá mọ̀ mí ni mo tó lè sinmi! Oore tí ìyá kan ṣe, tó sì gbàgbé, ti ṣáájú wa dé Valencia, ó ti tẹ́ ibùsùn dè wá.