Ẹni Tó Rán Ẹ̀wù Alápá Mẹ́jọ

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò ń lu fèrèsé, Nasreen Mahmood kan ilẹ̀kùn Enid Barraclough, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni dáhùn kó tó wọlé. Ìyẹn kì í ṣe àṣà rẹ̀. Apòògùn ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń nu bàtà lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀ yìí bí ẹni tó fẹ́ wọ ààfin. Lọ́jọ́ yìí, òun, bàtà rẹ̀ àti òjò ló jọ wọlé pọ̀.

"Àǹtí Enid! Ẹ fi abọ́ yẹn sílẹ̀, ẹ wá wo ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù!"

"Ṣé ilé ń jó ni?" Enid jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Wo ẹrẹ̀ tí o kó sórí kápẹ́ẹ̀tì mi. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe é nílé tìẹ, gbogbo àdúgbò ni ì bá ti gbọ́."

Nasreen tọ̀ ọ́ lọ. Ó na páálí àwo fídíò pẹlẹbẹ kan sí i. Àwòrán ọkùnrin kan wà lára páálí náà, aláwọ̀ ewé, olójú mẹ́ta, tó wọ ẹ̀wù alápá mẹ́jọ, tó gbé agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí há abíyá. Wọ́n kọ orúkọ eré tẹlifíṣàn náà gàdàgbà sókè orí rẹ̀: Alágbàfọ̀ Ojú Ọ̀run.

Enid gba páálí náà. Ó wá àga, ó jókòó.

"Wọ́n ní ó ti sọnù," ló sọ. "Wọ́n ní wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

"Kò sọnù o. Ó wà láàárín ìwé oúnjẹ àti ife tó ti sán létí."

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní ìlú Keighley, ní agbègbè Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn mọ eré yẹn. Ará Yorkshire mẹ́rin ló lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ sí ẹ̀yìn ìràwọ̀ tó jìnnà jù. Àwọn ẹ̀dá oríṣiríṣi ń gbé aṣọ wá fún wọn, ẹlòmíràn onírù, ẹlòmíràn oníyẹ́, ẹlòmíràn tí kò tilẹ̀ lára tó lè wọ aṣọ. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Gróbù alápá mẹ́jọ máa ń wá jà pé apá ẹ̀wù òun kan ti sọnù, Ìyá Thackray tó ni ṣọ́ọ̀bù a sì fi ọwọ́ kan ìbàdí, a ní: "Ka ọwọ́ rẹ dáadáa, ọkọ mi. Bí ọwọ́ bá pọ̀ ju apá ẹ̀wù lọ, ìyá tó bí ọ ni kí o lọ bá." Gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́ nígbà náà. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, tíṣà ń sọ ọ́ ní kíláàsì.

Ṣùgbọ́n ní ti Enid, ó ju pé ó kàn wo eré yẹn lọ. Òun ló rán ẹ̀wù Gróbù.

Láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti wọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ onírun àgùntàn. Iṣẹ́ òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé bí aṣọ bá ti ara ẹ̀rọ jáde, wọn a fi ọwọ́ pa á, wọn a wá ibi tí òwú ti já tàbí tó ti kójọ, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ hun ún padà débi pé ẹni tó hun aṣọ gan-an kò ní mọ ibẹ̀ mọ́. Enid mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, tí igba obìnrin di aláìníṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó rí iṣẹ́ ní ilé tẹlifíṣàn kan ní Leeds, lọ́dọ̀ àwọn tó ń pèsè aṣọ òṣèré. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, síbẹ̀ "ọmọbìnrin yẹn" ni ọ̀gá ibẹ̀ ń pè é. Orúkọ ọ̀gá náà, Peregrine Lisle, ló sì máa ń jáde lópin eré. Ti Enid ò jáde rí. Walter, ọkọ rẹ̀, tí ó ti dolóògbé, a máa yọ ọ́ lẹ́nu pé, "Obìnrin yìí, ṣé èèyàn ni ò ń ránṣọ fún àbí aláǹtakùn?" Ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé tí wọ́n ń gbé eré náà jáde, òun ló kọ́kọ́ ń gba àga iwájú tẹlifíṣàn.

Nasreen ti ki àwo fídíò náà bọ inú ẹ̀rọ. Enid gbé tíì wá, ó gbé bisikíìtì wá, ó tún padà lọ gbé wàrà tí kò sẹ́ni tó béèrè fún. Kò fẹ́ jókòó. Ẹ̀rù ń bà á. Ohun tí èèyàn fẹ́ràn nígbà tí ara ṣì le, bó bá padà bá a lọ́jọ́ alẹ́, ó lè rí i pé kò tó bó ṣe rò, pé ìgbà ló dùn, kì í ṣe eré.

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Wọn ò ní bù yín jẹ."

Ó jókòó. Orin bẹ̀rẹ̀. Ògiri ṣọ́ọ̀bù náà mì tìtì nígbà tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn, ìràwọ̀ kan sì já bọ́ lójú fèrèsé, ó hàn gbangba pé páálí ni. Nasreen fẹ́ rọra wo ojú ìyá náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá Thackray ti ń bá ẹ̀dá olómi kan ṣàròyé pé kí ó má ṣe dà sórí aṣọ oníbàárà, Enid sì ti di ikùn mú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà ò kan rárá. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ló ṣe wà.

Nígbà tí Gróbù wọlé, Nasreen dìde dúró, ó fi ọwọ́ kan ìbàdí, òun àti Ìyá Thackray sì jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: "Ka ọwọ́ rẹ dáadáa, ọkọ mi!"

"Ta ló kọ́ ẹ?" ni Enid béèrè.

"Ìyá Thackray náà ló kọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí a ti Mirpur, ìlú àwọn òbí mi, dé ìlú yìí, mi ò gbọ́ ju 'ẹ ṣé' lọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi ò fẹ́ ká wo tẹlifíṣàn, ṣùgbọ́n ó ní èyí dára, pé àwọn wọ̀nyí kò ṣe ìṣekúṣe, aṣọ ni wọ́n ń fọ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ ìjà kí n tó mọ ọ̀rọ̀ ìkíni. Ọjọ́ tí ọmọ kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, mo ní kó lọ bá ìyá tó bí i. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi."

Enid dá àwo fídíò náà dúró. Ó súnmọ́ tẹlifíṣàn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, ó fi ìka tọ́ka. "O rí i? Apá mẹ́jọ, aṣọ mẹ́jọ. Àjákù tí wọ́n kó síta nígbà tí ilé iṣẹ́ wa kógbá sílé ni mo fi rán an. Ọjọ́ mọ́kànlá, lórí tábìlì ilé ìdáná yìí. Ọwọ́ ni mo fi rán gbogbo rẹ̀."

Nasreen ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Àǹtí, ẹ̀wù yẹn ṣì wà o. Àwọn tó fẹ́ràn eré yìí máa ń péjọ lọ́dọọdún ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bradford. Ọ̀túnla ni tọdún yìí. Ọkùnrin kan tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ló ra ẹ̀wù náà, ó sì fẹ́ fi hàn. Mo ka ohun tó kọ sí i. Ó ní ilé iṣẹ́ aránṣọ ńlá kan ní London ló fi ẹ̀rọ rán an."

Enid gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀rọ?" ló ní. "Ẹ̀rọ wo?"

Bó ṣe di Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi wọ ọkọ̀ Nasreen lọ sí Bradford, Enid nínú kóòtù aláwọ̀ aró tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì náà kún. Àwọn bàbá arúgbó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ojú, àwọn ìyàwó wọn gbé agbọ̀n aṣọ kiri, gbogbo wọn ń bi ara wọn bóyá ọwọ́ wọn pé. Láàárín gbọ̀ngàn, nínú àpótí gíláàsì, ni ẹ̀wù náà wà. Enid dúró níwájú rẹ̀. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó pàdé ọmọ tó ti rìnrìn àjò jìnnà, tó ń yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó jẹun kánú.

"Kòkòrò ti ń jẹ ẹ́," ló sọ nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ìbínú.

Giles Penhallow, ẹni tó ni ẹ̀wù náà, wà nítòsí, ọkùnrin gíga tí irun rẹ̀ wà létòlétò. Nasreen kí i, ó sọ ẹni tí Enid jẹ́ fún un. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín fún ọmọdé.

"Màmá, ẹ má bínú. Gbogbo ẹni tó bá ti fi òwú bọ abẹ́rẹ́ rí ní Yorkshire ló ń sọ fún mi pé òun ló rán an. Ẹ̀yin ni ẹnì kẹrin lọ́dún yìí."

"Àwọn mẹ́ta yòókù ń purọ́," ni Enid dáhùn.

"Ó dáa, màmá. Ṣé ìwé kankan wà lọ́wọ́ yín? Ṣé àwòrán wà?"

"Ọ̀gá, iṣẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, n kì í ya àwòrán. Fún mi ní etí rẹ. Ìwọ lo ni ẹ̀wù náà, àbí? O ti fi ọwọ́ bọ inú apá karùn-ún rí?"

"Apá karùn-ún?"

"Láti òsì. Ẹni tó ń ṣe Gróbù máa ń wúkọ́. Ooru inú ẹ̀wù yẹn tó pa èèyàn, ọ̀fun a sì máa gbẹ ẹ́ tí kò fi ní lè sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wa ní kó máa wúkọ́ lọ, pé ẹ̀dá ojú ọ̀run náà ń wúkọ́. Mo bá rán àpò kékeré kan sínú apá náà fún un, níbi ìgúnpá, kó lè máa kó súìtì míńtì sí i. Àwa méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo hun ẹnu àpò náà mọ́ aṣọ. Ojú ò lè rí i. Wá a pẹ̀lú ìka."

Àwọn èèyàn ti ń rọ́ súnmọ́ wọn. Giles wo ojú Enid, ó wo ojú àwọn èèyàn, kò rí ibi tó fẹ́ gbà sá. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó ṣí àpótí, ó rọra ki ọwọ́ bọ inú apá karùn-ún. Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀.

"Kò sí nǹkan kan níbí, màmá."

"Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn. Ta ló ń fi ìbọ̀wọ́ mọ aṣọ?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Giles bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń fi ìka pa inú rẹ̀, lójijì ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó rọra fa ọwọ́ jáde, ohun tó sì wà láàárín ìka rẹ̀ méjì ni súìtì míńtì kan, tí bébà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, tó ti dúdú bí òkúta.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Ti ẹ̀wù yìí ju ogójì lọ. Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn náà. Àwọn bàbá olójú ewé ń pàtẹ́wọ́, obìnrin kan ju agbọ̀n rẹ̀ sókè, ìbọ̀sẹ̀ sì ń já lé àwọn èèyàn lórí. Nasreen ń sunkún, ó ń bú ara rẹ̀ pé òun ń sunkún. Enid nìkan ló dúró ṣinṣin, àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó di báàgì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

A kò ní purọ́ mọ́ Giles, ọkùnrin náà ṣe bí ọmọlúwàbí. Iwájú gbogbo èèyàn ló ti tẹrí ba. "Màmá, ẹ forí jì mí. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ ká kọ orúkọ yín?"

"Enid Barraclough, ará Keighley. Kí o sì kọ ọ́ pé ọwọ́ ló fi rán an."

Ó kọ ọ́ síbẹ̀, lójú wọn, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó wá rọra béèrè bóyá ó lè bá òun tún ibi tí kòkòrò jẹ ṣe, Enid ní kí ó gbé e wá sílé òun, nítorí pé òun kì í gbé abẹ́rẹ́ kiri bí ọlọ́jà. Ọ̀sẹ̀ kejì ló gbé e dé, ó jókòó ní ìtòsí bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ihò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára ẹ̀wù náà. Nígbà tí ó padà wá gbé e, ó gbé dígí sójú, ó wá ihò náà títí tíì rẹ̀ fi tutù, kò rí ẹyọ kan. Ó bẹ Enid kó fi ibì kan ṣoṣo hàn án. Enid ní rárá.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wo eré náà. Lọ́jọ́ kan, Nasreen mú ìyá ọkọ rẹ̀ dání, ìyá arúgbó kan tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ tó mọ ìjà oníbàárà nígbà tó bá rí i. Ìyá náà gbé sàmósà wá. Nígbà tí Gróbù wọlé tó ń ju ọwọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kiri, ó rẹ́rìn-ín títí ìbòrí rẹ̀ fi yẹ̀, ó sì bi Nasreen ní ìbéèrè kan lédè wọn.

"Ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ rán ẹ̀wù yẹn?"

"Èmi ni," ni Enid wí, ó sì na ara gùn lórí àga.

Ìyá náà mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó tún sọ̀rọ̀, ó pẹ́ díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nasreen fi ọwọ́ bo ojú.

"Kí ló wí?"

"Àǹtí, ẹ má dá a lóhùn. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ lè rán ti ọlọ́wọ́ mẹ́jọ, ẹsẹ̀ méjì péré ni tòun. Ó ní ṣòkòtò òun gùn jù."

Enid rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó dìde, ó lọ sídìí dúrọ́ọ̀, ó mú okùn ìwọnṣọ rẹ̀ jáde, ó sì fi kọ́ ọrùn.

"Sọ fún un kó dìde dúró," ló ní.