Obìnrin Tó Pọn Ọmọ Jáde Nínú Ihò Òkè

Ìwé kékeré kan ni mo fẹ́ kọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Dáàṣà, kí wọ́n lè mọ àwọn tó gba àwọn baba ńlá wọn là láyé tí ogun Dàhómì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn ọba òkèèrè ló kún inú ìwé Faransé tí à ń kà. Òkè tí wọ́n ń rí láràárọ̀ láti ojú fèrèsé kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, arúgbó tó ń gbé ní Gbaffo, ló mọ ìtàn òkè náà. Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì bá èmi àtàwọn ọmọ gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí a fi dé ẹnu ihò kan. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ibí ni àwọn baba ńlá wa sá pamọ́ sí," ló wí. "Àwọn ológun Dàhómì ń wá wọn kiri nísàlẹ̀. Ni ọmọ ọwọ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí ké. Wọ́n fún un lọ́mú, kò gbà. Ìyá rẹ̀ wo gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó jáde, ó gba ẹ̀yìn òkè lọ. Igbe ọmọ náà ni àwọn ológun tẹ̀lé. Ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́. Àwọn tó kù nínú ihò ló bí wa."

Èdè Ìdáàṣà ló fi sọ ọ́. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún àwọn ọmọ kan, bẹ́ẹ̀ ọmọ bíbí ìlú yìí ni wọ́n.

Ọmọbìnrin kan béèrè pé, "Ìyá àgbà, kí ni orúkọ obìnrin náà?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lanu láti dárúkọ rẹ̀, ó tún pa á dé. Ó fọwọ́ bojú. "Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," ló wí. "Ìyá mi máa ń dárúkọ rẹ̀. Mo ti gbàgbé." Ó sì bú sẹ́kún lójú àwọn ọmọ.

Ọyẹ́ ọdún yẹn ló mú un lọ, kò sì rántí orúkọ náà títí tó fi kú. Mo wá orúkọ yẹn dé ìlú Lèma. Gbogbo àgbà ló mọ orúkọ àwọn ọba, nítorí ọmọ wọn ṣì wà láyé tó ń kì wọ́n. Ta ni ìbá máa ki obìnrin yẹn? Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tó jáde.

Ọkùnrin tó fẹ́ tẹ ìwé náà ní Kútọnù sọ fún mi pé, "Màdáàmù, ẹni tí kò lórúkọ kò ṣeé fi sínú ìwé ìtàn." Mo bá a jà, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó yọ ìtàn obìnrin náà kúrò. Ìwé jáde, ọba ló kún inú rẹ̀.

Àwọn ọmọ ọjọ́ yẹn ti lọ sí ilé-ìwé gíga. Àwọn tí mò ń kọ́ báyìí kò mọ̀ pé ihò kankan wà lókè. Mi ò mú wọn lọ. Ta ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀?