Kí Ló Ń Mú Gàrí Kan?

Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí Ọláníkẹ́ ti ń kọ́ ọmọ níwèé. Makun-Omi ni wọ́n bí i sí, létí ọ̀sà, ṣùgbọ́n Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló relé ọkọ. Láti ibẹ̀ ló ti ń gun ọ̀kadà lọ sí Màmú láràárọ̀, níbi tó ti ń kọ́ Púràímárì Kẹrin. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Súnkànmí, àwọn ọmọ sì ń pè é ní Àǹtí. Kì í pariwo, kì í sì í gbé pàṣán.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó bi tíṣà rẹ̀ léèrè ìdí tí omi ọ̀sà fi ń ní iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kì í sì í ní in nígbà òjò. Tíṣà ní kó lọ kúnlẹ̀, ó ní àṣejù ti wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ títí wọ́n fi lu aago ìsinmi, síbẹ̀ ìbéèrè náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí òun náà di olùkọ́, ó ya ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì sọ́tọ̀. Ọmọ kan á béèrè ohun tó ń rú u lójú, gbogbo kíláàsì á sì fi ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá ìdáhùn sí i láàárín ìṣirò àti ìwé kíkà. Bí Ọláníkẹ́ bá mọ ìdáhùn, kì í tètè sọ ọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á ní òun ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejì ọdún yìí, ó kan Haneefah, ọmọbìnrin tínínrín kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Àǹtí, kí ló ń mú gàrí kan? Bí a bá se ẹ̀gẹ́ jẹ, kì í kan. Ìyá àgbà mi kì í fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí gàrí wọn, wọn kì í fi nǹkan kan sí i. Níbo ni kíkan yẹn ti ń wá?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ta ni ò mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ kan? Ọmọ kan ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Òmíràn ní ọjọ́ tó ń lò nínú àpò ló ń mú un kan.

"Ọjọ́ yẹn ńkọ́?" Haneefah bi í. "Kí ló ń ṣe nínú àpò?"

Gbogbo wọn yíjú sí Ọláníkẹ́.

"Mi ò mọ̀," ló sọ. "Láti kékeré ni mo ti ń mu gàrí, mi ò bi ara mi rí."

Lọ́jọ́ Ajé, Haneefah gbé ẹ̀gẹ́ rírìn wá nínú abọ́ oníderí. Ìyá àgbà rẹ̀, Ìyá Ìbíkẹ́, ló fún un. Gàrí ni ìyá náà ń ṣe ní Màmú láti bí ogójì ọdún, ó sì ti di èyí tó kù sínú àpò tirẹ̀ nílé. Ọláníkẹ́ pín ẹ̀gẹ́ náà sínú abọ́ mẹ́ta, ó bò wọ́n, ó sì fa ìlà sára bọ́ọ̀dù láti máa kọ òórùn àti àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò o," ó kìlọ̀. "Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù."

Haneefah nawọ́ sókè. "Àǹtí, bí a ò bá tọ́ ọ wò, báwo la ṣe máa mọ ọjọ́ tó kan?"

Ọláníkẹ́ rò ó títí dé orí ọ̀kadà, ó rò ó délé, kò rí nǹkan kan dì mú. Ó tẹ ọmọ rẹ̀ Súnkànmí láago, ẹni tó ń kàwé ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Súnkànmí ṣàlàyé ohun tó ń mú ẹ̀gẹ́ kan fún un, ṣùgbọ́n Ọláníkẹ́ pa á mọ́ sínú. Kò fẹ́ já èso náà fún àwọn ọmọ kó tó pọ́n.

Tamílọ́rẹ, ọmọ kíláàsì kan náà, ló la ọ̀nà fún wọn. Ìyá rẹ̀ ń ta sóbò, omi ìṣápá pupa, nínú ike. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rọra wá bá Ọláníkẹ́ nídìí tábìlì.

"Àǹtí, bí mo bá ń fọ ìkòkò tí màmá mi fi se sóbò, tí omi ọṣẹ bá ti kàn án, pípọ́n rẹ̀ á lọ, á dà bí aró. Lọ́jọ́ kan mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó tún pọ́n padà. Àbí kíkan ló ń mú un pọ́n?"

Ọláníkẹ́ gbé kálàmù sílẹ̀. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sí, mà. Mo kàn ń ṣeré ni."

Ní Ọjọ́rú, Tamílọ́rẹ gbé sóbò tí kò ní ṣúgà wá. Wọ́n kán an sínú omi ọṣẹ: ó dúdú mọ́ àwọ̀ ewé. Wọ́n kán an sínú omi eérú: bákan náà. Wọ́n kán an sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́: ó pọ́n fòò, àwọn ọmọ sì hó yèè. Ibi ariwo yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Àbdùlgàfár, ọ̀gá ilé-ìwé, bá wọn. Ó fi áńkáṣífù bo imú.

"Ìyá Súnkànmí, kí ló kú síbí?"

"Ẹ̀gẹ́ ni, sà. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí ni."

"Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde."

Kò bá a jiyàn. Wọ́n gbé abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn ilé-ìwé, wọ́n fi òkúta lé ìdérí wọn. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, ewúrẹ́ ti da gbogbo rẹ̀ nù. Àwọn alábẹ̀wò dé, wọ́n wo ìwé, wọ́n lọ. Wọn ò tilẹ̀ dé kíláàsì náà. Haneefah dorí kọ tábìlì, ó ń sunkún jẹ́jẹ́. Inú bí Ọláníkẹ́ sí ewúrẹ́, ó sì bí i díẹ̀ sí ọ̀gá.

Lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí, ó tẹ̀ lé Haneefah lọ sílé Ìyá Ìbíkẹ́. Ìyá náà wà nídìí àpò ẹ̀gẹ́ tó fi òkúta tẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ẹ̀yin náà ẹ! Ṣé kì í ṣe ara ẹ̀gẹ́ Mọ́ńdè náà ló wà nínú àpò yìí ni? Mo ń bọ̀ lọ́la. Màá rin tútù mọ́ ọn."

Ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Ìbíkẹ́ wọlé pẹ̀lú abọ́ méjì, ẹ̀gẹ́ tútù nínú ọ̀kan, ti inú àpò nínú èkejì. Àwọn ọmọ dìde kí i, ó fi ojúlówó Ìjẹ̀bú dá wọn lóhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọláníkẹ́ fún omi ara ẹ̀gẹ́ méjèèjì sínú ife ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Tamílọ́rẹ sì kán sóbò sí wọn. Àwọn ọmọ na ọrùn wò ó. Ti tútù ṣú, ó ń lọ sí àwọ̀ àlùkò. Ti ọjọ́ mẹ́rin pọ́n.

"Ó kan!" Haneefah kígbe. "Ó kan, a ò sì tọ́ ọ wò!"

Ọ̀gbẹ́ni Àbdùlgàfár ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó gbé ife náà síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó pẹ́. "Ẹ tún un ṣe kí n rí i," ó ní.

Wọ́n tún un ṣe. Ìgbà yẹn ni Ọláníkẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Súnkànmí fún wọn: àwọn ohun ẹlẹ́mìí kan wà nínú ẹ̀gẹ́ rírìn tí ojú ò lè rí. Wọ́n ń jẹ adùn inú rẹ̀, kíkan ni wọ́n sì ń fi sílẹ̀.

"Ta ló kó wọn síbẹ̀?" Haneefah béèrè.

Ìyá Ìbíkẹ́ ló fèsì. "Ó lè jẹ́ àpò. Tuntun kì í tètè mú un kan bíi ti àtijọ́. Ìyá mi ní kí n dì í fún ọjọ́ mẹ́rin, mo sì ń dì í fún ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò bi wọ́n pé kí ló dé rí. Ẹ̀yin ọmọ yìí ló wá ń bi mí."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìyá náà pín ẹ̀gẹ́ kan náà sínú àpò méjì, ọ̀kan tuntun, ọ̀kan àtijọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló ṣí yàrá ìkẹ́rù-sí fún wọn. Gbogbo ọmọ ló fọwọ́ sọ̀yà pé ti àtijọ́ ló máa yára kan. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ife méjèèjì pọ́n bákan náà.

"Àṣé irọ́ ni mo ti ń pa mọ́ àpò láti ọjọ́ yìí!" Ìyá Ìbíkẹ́ ní, ó pàtẹ́wọ́.

Haneefah ò rẹ́rìn-ín. Ó fajú ro, ó ń yí ẹ̀gẹ́ kan tí wọn ò tíì bó lọ́wọ́, ó ń fi èékánná họ erùpẹ̀ ara rẹ̀.

"Àǹtí, àfi bó bá jẹ́ pé láti oko ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí yẹn ti bá a wá."

Ọláníkẹ́ na ṣọ́ọ̀kì sí i, ó ní kó lọ kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù.