Òróró Lórí Ilẹ̀ Díánà

Màmá Èṣùbíyì dìde láàárín ìjọ, kò sì sí ẹni tó pè é dìde.

Ọjọ́ àjọ̀dún ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́bàá Sapele Road, níbi táwọn Yorùbá tó ti pẹ́ ní Benin ti máa ń jọ́sìn. Wọ́n ti pa iná, wọ́n ti ta aṣọ funfun sára ògiri lókè pẹpẹ, ìlú Éfésù ayé àtijọ́ sì ń kọjá lójú gbogbo ìjọ bí ìgbà téèyàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́tò. Wọ́n ti rí èbúté. Wọ́n ti rí òpópónà olókùúta tó gba iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù kọjá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ilé òrìṣà Díánà ni, àwọn òpó funfun dúró lọ́tùn-ún lósì bí oko igi rọ́bà, ilẹ̀ mábù sì tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé ẹsẹ̀ ère.

Màmá na ọwọ́ sí ògiri. 

"Ọláyọdé," ó ní, "níbo lo ti rí ilẹ̀ yẹn?"

Ọláyọdé Èṣùbíyì ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán náà jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́lájí tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìjọ. Ó mọ ibi tó ti rí ilẹ̀ náà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè dá a mọ̀.

Òun ló kọ́ ìlú yẹn. Kò fi sìmẹ́ǹtì kọ́ ọ, kò sì fi bíríkì kọ́ ọ. Inú kọ̀ǹpútà ló ti kọ́ ọ, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó háyà ní Ekosodin, láàárín ẹni tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tẹ ìwé àti ẹni tó ń gẹ irun. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan lókè òkun ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Wọ́n á fi àwòrán àwókù ránṣẹ́ sí i, wọ́n á fi ìwọ̀n gígùn àti ìbú ránṣẹ́, òun á wá gbé ògiri tó ti wó dìde, á fi òrùlé lé ilé, á da omi sí ojú kànga, títí ìlú náà á fi padà rí bó ṣe rí nígbà tí àwọn ará Róòmù ń jọba lé e lórí. Nínú gbogbo ilé Díánà, òpó kan ṣoṣo ló dúró lónìí, àfọ́kù ni wọ́n sì ṣà jọ láti tò ó. Ọláyọdé ló gbé gbogbo ìyókù nàró.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kó dùn délẹ̀: ìyá rẹ̀ kò gbàdúrà sí i.

Kò sí iṣẹ́ tí Ọláyọdé dáwọ́ lé rí tí Màmá kò gbé ọwọ́ lé. Nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ pátákó ìpolówó, Màmá di búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mú, ó sì gbàdúrà. Nígbà tó ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ọdún tí bàbá rẹ̀ kú, Màmá gbàdúrà sí i títí àwọn aládùúgbò ní Uwasota fi rò pé ẹlòmíì tún ti kú. Ṣùgbọ́n ti èyí, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ilé òrìṣà ni wọ́n ní kó o tún kọ́," ó ní. "Ọlọ́run wó o, ìwọ ń gbé e dìde. Kí ni kí n sọ fún Ọlọ́run?"

"Màmá, àwòrán lásán ni."

"Kí ni wọ́n ń pe ère, bí kì í bá ṣe àwòrán?"

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dà bí eré lójú ẹlòmíì, kò rí bẹ́ẹ̀ lójú Ọláyọdé. Onígbàgbọ́ ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lọ́jọ́ ìsinmi. Àmọ́ látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí gbogbo ìjọ gbààwẹ̀ tí wọ́n sì ké pe Ọlọ́run tí bàbá náà kú síbẹ̀, ńṣe ló ń gbàdúrà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò dá a lójú pé wọ́n wà nílé. Àdúrà ìyá rẹ̀ ló fi ń ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn dáadáa, tí wọ́n wá gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ bó ṣe rí.

Bọ́lájí ní tirẹ̀, ẹ̀rín ló ń fi í rín. "Orúkọ ń ro ọmọ o," ó máa ń wí. "Èṣùbíyì kọ́lé fún Díánà. Ó ku kí Ṣàngó pè ọ́ kó o wá bá òun tún páálọ̀ ṣe."

"Kí ó kọ́kọ́ mú iná wá ná," Ọláyọdé á dáhùn. "Láti àná ni iná ò ti sí ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Pásítọ̀ Adégbọlá ló wá gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, tó ní kí wọ́n gbé e wá sí àjọ̀dún. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí Pọ́ọ̀lù dojú kọ," ó ní. "Bí wọ́n bá rí bí ilé òrìṣà yẹn ti tóbi tó, wọ́n á mọ̀ pé ẹni tó lọ wàásù níbẹ̀ kò kéré." Inú Ọláyọdé dùn. Ó rò ó lọ́kàn pé bí Màmá bá rí i nínú ilé Ọlọ́run, lójú Pásítọ̀, á rọ̀, á sì gbé ọwọ́ lé e.

Ohun tí kò rò ni ilẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ilẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni pé wọ́n á ya àwòrán ilẹ̀ tòótọ́ kan, ègé kan péré, wọ́n á wá máa tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ léraléra bí ẹni ń tẹ òǹtẹ̀ sára aṣọ, títí ibi gbogbo á fi kún. Ọláyọdé kò lọ jìnnà wá àwòrán. Ara àwọn ògiri pupa àtijọ́ ní Benin ló ti rí ògiri amọ̀ àwọn ilé kéékèèké Éfésù. Àwòrán ikùn ìkòkò omi ìyá rẹ̀ ló fi bo òrùlé wọn. Ṣùgbọ́n mábù inú tẹ́ḿpìlì ṣòro. Mábù táwọn olówó ń tẹ́ sílé ń dán jù. Èyí tí ẹsẹ̀ àti orúnkún ti jẹ ló ń wá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sì mọ̀, ilẹ̀ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí bàbá rẹ̀ fi ta ìjọ lọ́rẹ nígbà ayé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi rọ́ọ̀gì pupa bò ó. Ọláyọdé wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí ìsìn, ó ká rọ́ọ̀gì náà, ó sì fi fóònù ya mábù abẹ́ rẹ̀.

Àpá òróró kan wà lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti tíì, ó sì rí bí etí èèyàn. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé kéèyàn nu irú àpá bẹ́ẹ̀ kúrò kó tó tẹ òǹtẹ̀, torí yóò hàn léraléra. Ọláyọdé fi í sílẹ̀. Ó ní ó ń mú kí ilẹ̀ náà rí bí ti àtijọ́.

Ìyẹn ló wà lójú ògiri báyìí lọ́jọ́ àjọ̀dún, etí kan, etí kan, etí kan, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹsẹ̀ Díánà.

"Màmá, ẹ jókòó," Pásítọ̀ wí pẹ̀lú ẹ̀rín. "Àwòrán ni o. Díánà ò lè jáde síbí."

Màmá kò jókòó. Ó gba àárín ìjọ kọjá, ó gun àtẹ̀gùn pẹpẹ, ó kọjá lára Pásítọ̀ bí ẹni tí kò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí rọ́ọ̀gì pupa mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fà á.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara ògiri bọ̀ bọ́ sórí mábù. Àpá náà rèé. Etí kan ṣoṣo, nílẹ̀, lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀ tó wà lókè.

Bọ́lájí fẹ́ pa ẹ̀rọ náà, ibòmíì ni ọwọ́ rẹ̀ bà, àwòrán wá dúró gbagidi síbi tó wà. Ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu Pásítọ̀. Láti ìjókòó àwọn àgbà obìnrin, ẹnìkan wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń ka nǹkan fún ara rẹ̀: "Ilẹ̀ pẹpẹ wa nìyẹn. Òrìṣà ló dúró lé e yẹn."

Màmá mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Ọláyọdé tẹ̀ lé e.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wọn lọ sí Uwasota, Olúwadámisí, ọmọbìnrin Ọláyọdé, tó wà lẹ́yìn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Grandma, no vex. Na just picture."

"Kí ló wí?" Màmá bi Ọláyọdé.

"Ó ní ẹ má bínú, pé àwòrán lásán ni."

"Ta ló sọ fún un pé mò ń bínú?"

Nígbà tí wọ́n délé, Ọláyọdé dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní páálọ̀. "Màmá, ẹ foríjì mí. Mi ò fẹ́ fi pẹpẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Mábù tí mo mọ̀ nìyẹn. Màá pa á rẹ́."

"Dìde," ni Màmá wí. "Ṣé o mọ ohun tó fa àpá yẹn?"

Kò mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ló wà nígbà náà, ó jìnnà sílé.

"Ibẹ̀ ni bàbá rẹ kúnlẹ̀ sí gbẹ̀yìn. Wọ́n da òróró sí i lórí, ó ṣàn wá sí ojú rẹ̀, ó kán sílẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ ní ó ti yè, gbogbo wa ní àmín. Nígbà tó yá, a gbé e lọ sílé, ó kú. Mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, òróró náà ṣì wà níbẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, kò lọ. Èmi ni mo ra rọ́ọ̀gì yẹn, Ọláyọdé. Gbogbo ìjọ rò pé ọrẹ ìdúpẹ́ ni. Mi ò fẹ́ máa rí i ni."

Ọláyọdé dìde nílẹ̀.

"Látìgbà náà," Màmá wí, "mi ò gbàdúrà mọ́. Ẹnu lásán ni mo fi ń gbà á."

Bí òrùlé bá ṣí kúrò lórí ilé náà, kì bá ti ya Ọláyọdé lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń jí ìjọ dìde fún àdúrà òwúrọ̀. Ìyá tó di kọ̀ǹpútà mú títí ó fi làágùn. Ọ̀pá tó ti gbára lé láti ọjọ́ yìí wá, afẹ́fẹ́ ni.

"Àdúrà tí ẹ gbà sí kọ̀ǹpútà mi ńkọ́?"

"Ẹnu ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi ẹnu náà gbà á sí èyí?"

"Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá fi ẹnu lásán gbàdúrà sí ilé òrìṣà, tó wá yọrí sí rere, ta ni màá sọ pé ó gbọ́?"

Àwa tí à ń pe ara wa ní onígbàgbọ́, ìbéèrè tó ń gbé inú wa láìsanwó ilé pọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá dé sí ṣọ́ọ̀bù Ekosodin, ibi tí kò tẹ̀ rí. Ó jókòó sórí àga, ó gbé báàgì lé itan. "Mú ìlú yẹn wá," ó ní.

Ọláyọdé ṣí i. Ó ní kó jẹ́ kí òun nu àpá náà kúrò lójú rẹ̀. Ó tẹ ibì kan, gbogbo etí tó wà nínú ilé Díánà sì pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ náà funfun báláú. Màmá fà sẹ́yìn lórí àga.

"Bó ṣe yá tó nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èmi fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí." "Níbo làwọn tálákà ń gbé nínú ìlú yìí?"

Ọláyọdé gbé e gba òpópónà, wọ́n gun ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n dé àwọn ilé kéékèèké tí òrùlé wọn jẹ́ ikùn ìkòkò omi rẹ̀. Màmá dá ìkòkò náà mọ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Ṣé aláìsàn ò sí níbí nígbà náà ni?"

"Wọ́n á wà."

"Àwọn kan á ti gbàdúrà fún wọn, tí wọ́n kú síbẹ̀."

"Wọ́n á pọ̀, Màmá."

"Fi àpá ẹyọ kan síbẹ̀ yẹn. Ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹyọ kan, má tẹ̀ ẹ́ léraléra."

Ọláyọdé ṣe bẹ́ẹ̀. Àpá náà jókòó lórí òkúta àbáwọlé, bí ẹni pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ilé náà ló ti wà níbẹ̀. Màmá na ọwọ́, ó sì gbé e lé kọ̀ǹpútà. Ooru rẹ̀ bá a lójijì, ó fẹ́ fa ọwọ́ kúrò, kò fà á mọ́. Ọláyọdé di ojú, ó ń retí ariwo àdúrà tó mọ̀ láti kékeré. Jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń gẹ irun nìkan ló ń dún lójúlé kejì.

"Olúwa," Màmá wí, ohùn rẹ̀ kéré débi pé Ọláyọdé ní láti tẹ etí sí i, "àpá rèé o. Ìwọ náà wò ó."

Ó parí síbẹ̀. Ó pẹ́ kí Ọláyọdé tó mọ̀ pé ó ti parí, ó wá ṣe àmín. Nígbà tó ṣe é, ohùn ara rẹ̀ yà á lẹ́nu.