Ọ̀rọ̀ Aṣínà Tí N Kò Gbàgbé

N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní olú-iléeṣẹ́ wa n'Íbàdàn, kò sì gbà mí gbọ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹ̀ka Ẹ̀jìgbò. Èmi ni mo ń fi orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó fẹ́ gba igi ẹ̀gẹ́ tuntun ránṣẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Láti àárọ̀ làwọn àgbẹ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti gun ọ̀kadà wá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi.

Kọ̀ǹpútà mi kì í dá ṣí. Ó gbọ́dọ̀ gba orí VPN, ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì tí iléeṣẹ́ nìkan ń gbà, dé Ìbàdàn, kí wọ́n fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà mọ̀ pé èmi ni. Orúkọ mi ti máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni mò ń tẹ̀, àmì dúdú róbótó-róbótó ló sì ń hàn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tì mí síta.

"Mà, ẹ ti gbàgbé ni," ọkùnrin náà wí lórí fóònù. Ó fún mi ní tuntun. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kà á padà fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó tún kọ̀.

"Ẹ máa wo bọ́tìnnì dáadáa. Àbí ẹ ò mú awò yín wá ni, Mọ́mì?"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama, ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Aṣọ ni ọ̀gá wa fi ń bo ọwọ́ wa. N kì í wo bọ́tìnnì.

Aago mẹ́ta kọjá. Obìnrin kan láàárín àwọn àgbẹ̀ náà, tó ti ṣòwò l'Ábíjàn rí, dìde wá wo ọwọ́ mi.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ tẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Lẹ́tà A ni."

"Q lẹ tẹ̀ yẹn. Bọ́tìnnì ti àwọn Faransé nìyí, irú ẹ̀ la lò l'Ábíjàn. Ibí ni A tiwọn wà."

Òótọ́ ni. Àlòkù ni kọ̀ǹpútà náà, ọwọ́ ẹnì kan tó ti Abíjàn dé ni iléeṣẹ́ ti rà á. Wọ́n ti tò ó kó máa tẹ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ohun tí wọ́n kọ sójú bọ́tìnnì kò kàn mí. Àṣé lánàá, nígbà tí ọkùnrin orí fóònù yìí kan náà ń tún inú rẹ̀ tò láti Ìbàdàn, ńṣe ló dá a padà sí ti Faransé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo wo bọ́tìnnì, mo tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí. Mo ń tẹ orúkọ wọlé, ìka mi ń ṣìnà, mo ń pa á rẹ́, mo ń tún un tẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó ku ẹni méjì. Obìnrin Abíjàn wà nínú wọn, torí ó ní kí n fi àwọn àgbà ṣáájú òun.

Mo pe Ìbàdàn.

"Ẹ fi wọ́n sí tọdún tó ń bọ̀, Mà. Mo ṣáà ti ní kẹ́ ẹ máa wo bọ́tìnnì."

Mo gbé ohùn fóònù sókè, mo gbé e síwájú àwọn méjèèjì.

"Wọ́n wà níbí. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó tún kọ̀ǹpútà tò."

Obìnrin náà fa àga sún mọ́ fóònù, ó jókòó.

"Ọ̀gá, à ń gbọ́ yín."