Wáyà Tó Gba Oko Obì Wa Kọjá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, abúlé wa kò ju ilé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ní ẹ̀yìn Ìmọ́tà lọ́hùn-ún, ní ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí, ilé àti ṣọ́ọ̀bù lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ̀ pé oko obì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú oko náà. Ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín, ó sì fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Obì yìí ni ìyá àgbà ń kó lọ tà ní Ẹ̀pẹ́. Òun ló fi tọ́ bàbá mi dàgbà, òun náà ló sì fi rán èmi lọ sí ilé-ìwé. Èmi ni mo máa ń bá a fi ewé di obì sínú apẹ̀rẹ̀, nítorí ó ní ọwọ́ mi fúyẹ́, n kì í dá ọgbẹ́ sí obì lára.

Bàbá mi ní tirẹ̀, káfíńtà ni. Ìkòròdú ló ti kọ́ṣẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tó ní ẹ̀rọ tó ń fi iná ṣiṣẹ́. Ó máa ń sọ fún wa pé pákó tí òun máa fi ọwọ́ rẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ̀rọ yẹn á ti rẹ́ ẹ kí èèyàn tó mu omi tán. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti ń dùn ún nígbà yẹn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, màmá mi á fi omi gbígbóná jó o. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Kì í ṣe nítorí fàájì ló ṣe ń wá iná.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, àwọn sọ́fíyọ̀ dé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dání tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń kan èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń so aṣọ pupa mọ́ igi. Kó tó di ọjọ́ kejì, a rí i pé àárín oko ìyá àgbà gan-an ni aṣọ pupa náà gbà kọjá, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá jókòó sí pálọ̀ wa, ó mu omi, ó sì ṣàlàyé pé wọ́n fẹ́ fa wáyà iná ńlá, èyí tí a ń pè ní háí tẹ́ńṣọ̀n, láti ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, igi kankan ò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi bi í pé ṣé àwa náà máa rí iná lò. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Iná tó gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ṣé ó máa wá fi yín sílẹ̀ sínú òkùnkùn ni?" Ìbéèrè lọkùnrin yẹn béèrè, ṣùgbọ́n bàbá mi gbà á bí ìdáhùn.

Ìyá àgbà kọ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní abúlé máa là, òun máa ra ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà á sì mú ohun tó ju obì lọ wálé. Àwọn ará abúlé náà dá sí i. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wá kí ìyá àgbà, wọ́n á sì sọ fún un pé òun nìkan ló kù tí kò tíì gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́, ó pe bàbá mi. Ó ní, "Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo gbà fún, kì í ṣe àwọn èèyàn yẹn. Àwọn, n kò mọ̀ wọ́n rí." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gé igi, ìyá àgbà jí lọ sí oko, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. A ká gbogbo obì tí ọwọ́ wa tó, èyí tó gbó àti èyí tí kò tíì gbó. Nígbà tí ayùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rù, ó ní ká máa lọ, kò sì wo ẹ̀yìn. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gé igi náà. Wọ́n fún wa ní nǹkan díẹ̀ lórí rẹ̀, ìyẹn ò sì pẹ́ tán. Ohun tí mo rántí jù ni pé láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wa, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ níbi tí a ò ti rí i rí.

Òpó irin tí wọ́n gbé dúró fún wáyà náà ga. Àwọn tó ń gun orí rẹ̀ kéré lójú wa bí ẹyẹ. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń fa wáyà, bàbá mi ń múra sílẹ̀. Ó kọ́ àtíbàbà tuntun fún iṣẹ́, ó da sìmẹ́ńtì sí ibi tí ẹ̀rọ máa jókòó sí. Ó pe oníṣẹ́ iná kan wá láti Ìkòròdú, ìyẹn fa wáyà sí gbogbo yàrá, ó sì so gílóòbù kan kọ́ sí pálọ̀. Àwọn ará abúlé ń wá wò ó. Wọ́n á ní kó tan án, á ní ó kù díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wáyà òkè yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. A mọ̀ pé iná ti wọ inú rẹ̀. Bàbá mi wọ pálọ̀, ó tẹ súwíìṣì gílóòbù náà. Kò sí nǹkan kan. Ó ní bóyá ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ọ̀sẹ̀ kọjá, oṣù kan kọjá. Ó wá wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkòròdú. Ọ̀sán ni ó padà dé. Gbogbo wa wà ní iwájú ilé, àwọn ará àdúgbò mélòó kan sì wà níbẹ̀, torí wọ́n mọ ibi tó lọ. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló lọ tààrà. Ó ní, "Màámi, wọ́n ní agbára inú wáyà yẹn ti pọ̀ jù fún ilé. Wọ́n ní àfi tí wọ́n bá kọ́ ibi tí wọ́n ti máa dín in kù, kò sì sí nínú ètò wọn. Kì í ṣe tiwa."

Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní, "Ó dáa. Lọ jẹun."

Kò tún sọ nǹkan kan lé e, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Mo rò pé ká ní ó bú bàbá mi ni, ì bá sàn fún un. Igi tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò tó nǹkan, nítorí náà ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ òwò mìíràn ní ọjọ́ ogbó. Ó ń ra ẹja gbígbẹ ní Ẹ̀pẹ́ wá tà ní Ìmọ́tà. Èmi ni mo ń bá a ru apẹ̀rẹ̀. Bí a bá dé abẹ́ wáyà yẹn, á yára rìn títí a ó fi kọjá. Bàbá mi kò lọ sí ìpàdé abúlé mọ́, torí àwọn kan ti sọ ọ́ ní "Iná ń bọ̀." Ó ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì yẹn, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ṣíwọ́. Ọwọ́ náà ló fi ń rẹ́ pákó lọ.

Nígbà tí àìsàn dá ìyá àgbà gúnlẹ̀, ó ku oṣù díẹ̀ kí n lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Ìkòròdú. Mo wà ní yàrá náà nígbà tí bàbá mi wọlé, tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, tó ní kó dárí ji òun lórí ọ̀rọ̀ oko. Ìyá àgbà wò ó títí. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti fi sílẹ̀. Ìwọ ni o ò jẹ́ kó lọ." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ ọ̀tún yẹn, ó sì fi sílẹ̀ síbẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí a sin ín.

Iná dé abúlé wa nígbà tí mo ti bí ọmọ mẹ́ta. Àwa ọmọ abúlé fúnra wa la dáwó ra tiransifọ́má àti òpó, tí a fi fa iná wá láti Ìmọ́tà. Bàbá mi wà láyé, ṣùgbọ́n kò lè gbé pákó mọ́. A tan iná fún un ní pálọ̀. Ó ní ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní kí a bá òun pa á, pé ó ń wọ òun lójú.

Èmi náà ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún báyìí. Ìgbògbò ni mò ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi. Ní oṣù tó kọjá, ẹbí ránṣẹ́ pè mí sí abúlé, torí èmi ni àgbà tó kù. Wọ́n fẹ́ fa wáyà ńlá mìíràn lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, torí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n ń kọ́ sí apá ibẹ̀, ó sì tún máa gba ilẹ̀ wa. Ọmọbìnrin kan ni ẹnjiníà tí wọ́n rán wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi àwòrán ilẹ̀ hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, kí ni tiwa níbẹ̀?" Ó ní, "Mà, n ò ní purọ́ fún yín. Ó kàn ń kọjá ni. Tí ẹ bá fẹ́ kí iná tiyín dára sí i, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ẹ máa kọ̀wé sí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó mọ ìdí tí mo fi ń dúpẹ́.

Àwọn ọmọ ẹbí ń wo ojú mi. Àwọn kan nínú wọn ti ra sólà sórí ilé, àwọn kan ń lo jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Mo rántí pé nígbà tí ọmọ àbúrò mi ń bímọ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dún tó kọjá, iná fóònù ni nọ́ọ̀sì fi ríran. Ibẹ̀ náà nílò iná. Mo gba bírò, mo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n gbé wá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà lóòótọ́. Nígbà èwe mi, wọn ò sọ òótọ́ fún wa, a sì gbà. Ní báyìí wọ́n sọ òótọ́ fún wa lójúkojú, a tún gbà. Èwo ló sàn nínú méjèèjì, ẹ bá mi rò ó. Èmi, ó ti rẹ̀ mí.